Ìyá Bàbá Mi, Olóde, àti Abẹ́rẹ́ Mọ́rẹ̀nikẹ́

Ojú ìyá bàbá mi kò dán. Kí ènìyàn tó mọ orúkọ rẹ̀ ni yóò ti rí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí olóde gbẹ́ sí i láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ilẹ̀ iyanrìn tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Olóde ni àwọn àgbà ń pe àrùn ilẹ̀ gbígbóná tí ó ti parẹ́ láyé báyìí, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Òun kò bẹ̀rù orúkọ kankan. Bí ọmọdé bá ń wo ojú rẹ̀ tìyanu-tìyanu, yóò fà á mọ́ra, yóò sì ní, "Fọwọ́ kàn án. Kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan mọ́."

Iye ni gbogbo ilé ń pè é, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Ìkálẹ̀ ni ó sì ń sọ títí ó fi kú. Èdè ilé ìwé ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síhìn-ín, kí àwọn ọmọ wa tí a bí sí ìdálẹ̀ lè kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú iyọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti dà nù lójú ọ̀nà.

Kò wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún máa kọ̀wé nípa ikú ìyá àgbà rẹ̀. Ó bí bàbá mi ní kékeré, bàbá mi náà bí mi ní kékeré, lẹ́yìn náà Iye kọ̀, kò kú. Ó sin bàbá mi. Ó sin ìyá mi. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó lè bá a jiyàn lórí rẹ̀ ti lọ.

Púpurù ni ó fi tọ́ wa ní Ìlútítun. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, yóò fún un, yóò mọ ọ́n roboto, yóò sì tò ó sórí àjà iná kí èéfín mú un gbẹ. Èéfín náà ni mo fi ń rántí ìgbà èwe mi, kì í ṣe orin, kì í ṣe àwòrán. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, níbi tí a ti ń kọ́ nípa ẹranko àti àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, mo máa ń gbé púpurù lọ nínú àpótí aṣọ mi, gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi a sì máa rùn bí ilé ìdáná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín títí. Mo sọ fún Iye nígbà ìsinmi. Ó ní, "Ṣé wọ́n jẹ nínú rẹ̀?" Mo ní wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ẹ̀sín yẹn dára."

Ó máa ń bá rédíò jà. Bí ẹnìkan bá ń ṣèlérí nínú ìròyìn pé wọn yóò tún ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀ ṣe, Iye yóò dáhùn láti orí àpótí ìjókòó rẹ̀, "Ọ̀nà wo? Ìwọ tí o kò tíì gba ibẹ̀ rí?" Bí wọ́n bá ń sọ nípa àìsàn kan, yóò ní kí gbogbo wa dákẹ́. Mo sọ fún un nígbà kan pé ọkùnrin inú rédíò kò lè gbọ́ ohun tí ó ń sọ. "Mo mọ̀," ni ó wí. "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí ni mò ń bá wí."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí kò fi ṣeré. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sọ ọ́ fún mi ní kíkún, nígbà tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Ọmọdé ni nígbà tí olóde wọ ilé wọn. Ó mú òun àti ìyá rẹ̀ pọ̀. Òun yè é. Ìyá rẹ̀ kò yè é. Láyé ìgbà náà, a kì í sunkún ẹni tí olóde bá mú lọ. Wọ́n gbà pé bí ẹ bá sunkún, inú yóò bí i, yóò padà wá mú òmíràn. Ọpẹ́ ni ẹ ó máa dá. Wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ sínú igbó, àwọn àgbà ilé dúró sí ìloro, wọ́n ń wí pé, "A dúpẹ́, a dúpẹ́," wọ́n sì ní kí ọmọ tí egbò ṣì bo ojú rẹ̀ náà dúpẹ́.

"Ṣé ẹ dúpẹ́, Iye?"

"Mo dúpẹ́." Ó ju ẹ̀gẹ́ tí ó bó sínú agbada. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé àrùn kankan kò tún ní í pàṣẹ ohun tí mo máa fi ẹnu mi sọ."

Ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ nígbà tí Olúwọlé kú. Olúwọlé ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, àbúrò bàbá mi, ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí àwọn ìlú òkèèrè, ó lówó lọ́wọ́, ó sì rẹwà. Ó padà wálé bí igi tí oòrùn ti jó. Ìgbà náà, oògùn tí ó ń mú kí alárùn éèdì pẹ́ láyé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú, àwọn ará ilé ní ìyàwó rẹ̀ ni ó fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ti ń múra láti lé obìnrin náà jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Iye dìde láàárín àwọn olùkẹ́dùn. Ó ti ń sunkún láti àárọ̀, kò sì nu omijé náà kúrò kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Àrùn éèdì ni ó pa ọmọ mi. Éèdì. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ má wá ẹnikẹ́ni mú."

Àwọn kan kò wá sí ilé wa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlòmíràn kò ra púpurù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyàwó Olúwọlé sì wà nílé wa títí ó fi rí ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ.

Inú ilé bẹ́ẹ̀ ni Mọ́rẹ̀nikẹ́, àbíkẹ́yìn tèmi, dàgbà sí. Ó gbọ́ ìtàn Olúwọlé ju bí ó ti gbọ́ àlọ́ lọ. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí ó wálé láti ìlú ńlá tí ó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, tí ó sọ pé ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ń wá àwọn ènìyàn tí ara wọn le láti dán àjẹsára éèdì wò, àti pé òun ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó ṣègbéyàwó pẹ̀lú Olúmìdé, ọmọ Ìlàjẹ kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ ní Òkìtìpupa. Mo ní kí ó dúró títí lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó ní, "Bàbá, Iye ni mo wá bi."

Iye ní kí ó pe dókítà náà sórí fóònù, kí òun rí ojú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ọmọ Ìjẹ̀bú.

"Ẹ kú ilé o, Mama."

"Iye ni mò ń jẹ́. Kí ni ẹ fẹ́ fi sí ọmọ mi lára?"

Dókítà náà ní sùúrù. Ó ní àwọn mú fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, tí kò lè bí sí i nínú ara ènìyàn. Òun ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀. Wọ́n wá kó ẹrù díẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, àwòṣe apá kan lára kòkòrò éèdì, kì í ṣe kòkòrò náà. Bí ọkọ̀ bá wọ inú ara, àwọn ọmọ ogun ara yóò rí ẹrù náà, wọn yóò mọ bí ọ̀tá ṣe rí, wọn yóò sì rọ ohun ìjà sílẹ̀ kí ọ̀tá gan-an tó dé.

"Fáírọ́ọ̀sì wo ni ẹ fi ṣe ọkọ̀?"

Dókítà náà wò mí lójú fóònù, bí ẹni ń wá ìrànlọ́wọ́. Èmi ni mo dá Iye lóhùn, nítorí mo ti kọ́ ọ ní yunifásítì tipẹ́tipẹ́: ó jẹ́ ìbátan olóde. Ìbátan rẹ̀ tí ó jìnnà, tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún wa nígbà tí a wà ní kékeré, èyí tí àpá rẹ̀ ṣì wà ní apá mi.

Iye fi ìka kan àwọn ihò ojú rẹ̀. 

"Ìbátan olóde ni olóde."

"Iye, òun ni wọ́n fi lé olóde kúrò láyé," ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ wí.

"Mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Dókítà, ọkọ̀ yín yìí, ṣé kò ní í bí ọkọ̀ mìíràn?"

"Kò lè bí, Iye. Ó máa já ẹrù sílẹ̀, á sì parẹ́ níbẹ̀."

"Ṣé ó dá yín lójú pé ọmọ mi kò ní í mú éèdì lẹ́yìn èyí?"

"Kò lè mú un láti ara abẹ́rẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kò dá wa lójú pé abẹ́rẹ́ náà máa dáàbò bò ó. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀." Ó wá fi ohun kan kún un tí gbogbo wa gbọ́, ṣùgbọ́n tí a kò gbé yẹ̀ wò dáadáa ní ọjọ́ náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ kì í wá kòkòrò éèdì. Ohun ìjà tí ara rọ ni ó ń wá. Ó lè rí ohun ìjà náà lára Mọ́rẹ̀nikẹ́, kí ó sì sọ pé ó ní àrùn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn ni kí ó ti máa ṣàyẹ̀wò, nítorí àwọn ní irú èyí tí ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀.

Iye ní kí a pa fóònù. Ó sọ fún Mọ́rẹ̀nikẹ́ pé inú òun kò dùn sí ọkọ̀ tí wọ́n lò. "Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé olóde ni ó máa sin éèdì lọ, kí ó wá ṣe iṣẹ́ kan tí ó dára nínú ayé rẹ̀. Lọ."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ lọ, ó sì gba abẹ́rẹ́ náà. Ohun tí ó kó wa sí wàhálà ni àṣà ìjọ tí wọ́n ti fẹ́ ṣègbéyàwó. Ní ìjọ náà, ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ni ó ń mú tọkọtaya lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í sọ ọjọ́ rẹ̀ fún wọn ṣáájú, wọn kì í gba èsì láti ibòmíràn, nítorí àwọn kan ti gbé èsì èké wá rí. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti pinnu láti sọ fún pásítọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àmọ́ bí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó ní Sátidé kan, diakóníìsì kan ní kí wọ́n wọ ọkọ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbìyànjú láti ṣàlàyé nínú ọkọ̀. Diakóníìsì náà fọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo wọn ni wọ́n máa ń ní àlàyé."

Èsì jáde. Ti Olúmìdé mọ́. Tirẹ̀ sọ pé ó ní éèdì.

Kí ó tó di ọjọ́ Àìkú, àwọn tí ń ta ẹja ti gbọ́. Wọ́n yọ orúkọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìkéde ìgbéyàwó, ìyá Olúmìdé sì ránṣẹ́ sí wa pé kí a dáwọ́ dúró ná. Olúmìdé wá fúnra rẹ̀, ó jókòó ti Mọ́rẹ̀nikẹ́, ó ní òun mọ òtítọ́, òun kò lọ ibì kan. Mo sọ pé kí wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù ní ìdákẹ́jẹ́.  Iye ni ó dáhùn láti inú yàrá.

"Ẹni tí kò jalè kì í gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹ gbé mi lọ bá ìgbìmọ̀ ìjọ náà."

Ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò nílé gbẹ̀yìn. A gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àga rẹ̀. Nígbà tí a gbé e wọ yàrá ìgbìmọ̀, àwọn alàgbà dìde, wọ́n kí i, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú. Ó ní òun kò wá bínú. Ìyá Olúmìdé náà wà níbẹ̀, ó jókòó sí ìdí ògiri.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò náà fún wọn. Mo rò pé mo ṣe é dáadáa. Mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Alàgbà tí ó ṣe alága gbọ́ mi tán, ó sì ní, "Tíṣà, a gbọ́. A kò sọ pé ẹ̀ ń parọ́. Àmọ́ bàbá rẹ̀ ni yín. Ẹ̀yin náà ẹ fi ara yín sí ipò wa. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn ọ̀la, kí ni a ó sọ?"

Òtítọ́ ni ó sọ. Iye bá tú gèlè rẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti fúyẹ́, àwọn ihò náà hàn dé àárín orí.

"Ẹ wo ojú mi. Ṣé mo ní olóde?"

"Rárá, Iye."

"Kí ni ẹ̀ ń rí yìí?"

"Àpá ni, Iye."

"Àpá kì í ṣe egbò. Àpá ni wọ́n rí lára ọmọ mi, wọ́n ní egbò ni." Ó mí díẹ̀. "Alàgbà, ẹ̀rù ń bà yín, ó sì tọ́ kí ẹ̀rù bà yín. Mi ò ní kí ẹ gbà mí gbọ́. Kí pásítọ̀ bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Kí ìyá ọkọ náà lọ. Kí wọ́n dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, ẹ gbé mi wá síwájú ìjọ. Èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́. Mo ti sọ ti ọmọ bíbí inú mi rí."

Ìyá Olúmìdé sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Iye, bí wọn kò bá wá rí i ńkọ́?"

"Ibi tí ẹ ti yọ orúkọ wọn ni kí ẹ ti dá a padà, kí pásítọ̀ sì la ẹnu sọ ìdí rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ kàn gbé wọn gba kọ̀rọ̀ wọlé."

Wọ́n lọ. Ọjọ́ tí a fi dúró de èsì náà le fún gbogbo wa. Ìyàwó mi kò lè jẹun, èmi náà ń ka ìwé kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìmọ ohun tí mo kà. Mo bi Iye léèrè bóyá ẹ̀rù kò bà á pé àyẹ̀wò lè ṣìṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Ó ń bà mí. Jókòó, jẹ́ kí ó máa ba àwa méjèèjì pọ̀."

Wọn kò rí kòkòrò kankan. Ìyá Olúmìdé ni ó kọ́kọ́ pè wá lórí fóònù, kí pásítọ̀ tó pè.  Lọ́jọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ ka orúkọ àwọn ọmọ náà padà, ó sì ṣàlàyé fún ìjọ pé ọmọ yìí gba abẹ́rẹ́ kí àwọn ọmọ wọn lè bọ́ lọ́wọ́ àrùn kan, pé abẹ́rẹ́ náà ni ó fi àmì sí i lára, àti pé àwọn ti ṣàṣìṣe. Láti ìgbà náà, ìgbìmọ̀ wọn máa ń béèrè lọ́wọ́ tọkọtaya bóyá wọ́n ti gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó mú wọn lọ. Ìgbéyàwó náà dùn. Iye sùn lórí àga kí ìwàásù tó parí.

Lẹ́yìn èyí ni ìròyìn tí kò dùn dé láti ọ̀dọ̀ dókítà náà. Abẹ́rẹ́ wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ohun ìjà tí ó mú kí ara rọ kò lágbára tó láti dá kòkòrò éèdì dúró. Wọ́n fẹ́ tún ẹrù náà dì, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Gbogbo ìtìjú yẹn, lórí asán." Mọ́rẹ̀nikẹ́ wo ilẹ̀.

Iye ní, "Ẹni tí ó gbẹ́ kànga tí kò kan omi ti mọ ibi tí omi kò sí. Ìyẹn kì í ṣe asán. Ta ni wọ́n ń wá fún ìkejì?"

Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Orí ibùsùn ni ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀, a kò sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ náà ni yóò lọ. Mo ní àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni.

"Ṣé wọ́n ń gba irú tèmi?"

"Wọn kì í gba arúgbó, Iye."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Iye, èmi náà ti darúgbó."

Ó wò mí bí ẹni pé ìròyìn tuntun ni mo sọ fún un. Olúmìdé, tí ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Iye, mo ti forúkọ sílẹ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ mọ̀ sí i. Lọ́la ni wọ́n ní kí n wá."

 Mo rántí àwọn ọjọ́ tí a fi dúró de èsì, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Iye gbé ọwọ́ sókè.

"Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó gbọ́?"

"Ìyá mi ni ó ń bá mi lọ. Ó ti wà lóde, ó ń kó ẹja wọlé fún yín."

Iye yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí sí ohùn obìnrin náà tí ó ń kí àwọn ará ilé ní àgbàlá. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀nà jìn. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ."